Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Mọ́tò Nasir

Ẹni tó bá ń gbé Eneka, lẹ́yìn ìlú Port Harcourt, mọ bí àárọ̀ ibẹ̀ ṣe ń rí. Kí oòrùn tó yọ, èéfín dúdú ti sọ̀kalẹ̀ sórí ohun gbogbo, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lójú sánmà tó ń gbo èédú. O fi ìka kan mọ́tò rẹ, ìka rẹ dúdú. O nù ún tán, o yíjú padà, ó tún ti dúdú.

Nasir ń nu tirẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Iṣẹ́ fèrèsé onígíláàsì ló ń ṣe, fún àwọn ilé tuntun tó ń hù ní Eneka bí olú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Pidgin ló fi sunkún lọ́mọdé. Yorùbá rẹ̀ dà bí ìrẹsì tí wọn kò ṣà: o ń jẹ ẹ́, o ń pàdé òkúta.

Halimah ìyàwó rẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá a, jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bọ inú omi tútù. Ojú rẹ̀ ń pa dé, ó ń là.

"Ìyá Hassanat," Nasir pè é, "lónìí yìí, mo máa lọ tún ọ̀pọ̀lọ́ mọ́tò ṣe."

Halimah la ojú méjèèjì. "Ẹ ní kí ni?"

"Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ mọ́tò. Bọ̀bọ́ kan fẹ́ ṣe é kó le máa sáré."

Ẹ̀rín pa Halimah, omi inú báàfù ta sílẹ̀. "Bàbá Hassanat! Ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà? Ìgbà wo ló wọ mọ́tò wa? Ṣé ó sanwó ọkọ̀ ni?"

"Abeg, brain. Brain tó wà nínú mọ́tò."

"Ọpọlọ nìyẹn. Ọpọlọ! Ohùn rẹ̀ dúró lójú kan. Èyí tí ẹ pè yẹn, tí òjò bá rọ̀, ṣe ló máa ń ké."

"Ọ̀kan náà ni jàre. Ṣebí ó ti yé ẹ."

Kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí Nasir fi ń wá eré. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀yìn mọ́tò yìí gan-an ni Halimah bí Hassanat sí, kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ọmọ náà kò ké. Nasir ń wa mọ́tò, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wọ ẹnu géètì ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì gba ọmọ tó sì gbá a nídìí, ni igbe tó sọ.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò kúrò létí Nasir. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lálàá mọ́tò tó ń fò. Taya rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Kòtò kò mọ̀ ọ́n. Á gba orí àwọn ilé Eneka kọjá bíi lékeléke, Halimah á sùn lẹ́yìn, ọsibítù á sì jáde síwájú wọn nínú ìkùukùu, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ti ṣí sílẹ̀. Nígbà tí oyún kejì wá pé oṣù mẹ́jọ, ọ̀sán gangan ni àlá náà ń bá a, lórí àkàbà, pẹ̀lú gíláàsì lọ́wọ́.

Ọkùnrin tó fẹ́ sọ àlá náà di òótọ́ ń jẹ́ Afeez. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Aluu. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí mọ́tò wọn máa bú bíi kìnnìún ló ń lọ síbẹ̀.

Nasir fẹ́ bá a sọ Pidgin, ṣùgbọ́n Afeez rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ní ẹ ti wá? Ẹ jẹ́ ká sọ èdè wa. Kí loríkì yín?"

"Àkànní."

"Àkànní!" Afeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ́ìlì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kì í, ó kì í, ó kì í. Nasir kò mọ ìtumọ̀ ìdajì ohun tó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó kì í bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ àìsàn yìí. Ẹ gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" lẹ́nu ẹnì kan lójú títì Port Harcourt, ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n Àkànní," Afeez ní, "ọ̀nà mẹ́ta ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ó kì bọ abẹ́ sítíárìn. Ìyẹn máa ń dín epo kù, ó sì máa ń fi agbára kún un. Ìkejì, mo lè fi kọ̀ǹpútà tún ohun tí wọ́n kọ sínú ọpọlọ mọ́tò kọ. Ìkẹta, ká yọ ọpọlọ náà, ká fi òmíràn sí i. Torí pé ọmọ ilé ni yín, màá ṣe ìkejì fún yín, màá fi ti àkọ́kọ́ ṣe jàárá."

"Iná yìí ńkọ́?" Nasir nawọ́ sí iwájú sítíárìn. Iná kan tó rí bí ẹ́ńjìnnì kékeré ti ń tàn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti ìyeyè tó pọ́n.

"Ìyẹn? Ariwo lásán. Mo máa pa á."

Ẹ gbọ́ mi o! Ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó olè, tó wá háyà ẹni tó máa fokùn di ajá náà lẹ́nu, ta ló ṣe lóore? Nasir kò bi ara rẹ̀. Ó sanwó.

Ìrìn àjò padà sí Eneka dà bí oorun. Ó tẹná díẹ̀, mọ́tò fò síwájú. Òjò wínníwínní ń rọ̀, títì ń dán, àwọn igi ọ̀pẹ ń sá lọ sẹ́yìn láìdún. Ó dà bíi pé mọ́tò ń fetí sí èrò ọkàn rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ jàárá abẹ́ sítíárìn ń ṣẹ́jú búlúù, búlúù. Iná oníyeyè ti kú. Nasir ń kọrin.

Nílé, ó gbé Halimah yí àdúgbò ká kó lè rí i. Halimah di ilẹ̀kùn mú. "Ó ń sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn, bí òkúta nínú agolo mílíìkì?"

"Agbára ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Halimah sùn lórí ẹní. Ó rí ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tóbi bí àpò iyanrìn, tó jókòó níwájú sítíárìn, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí awakọ̀ tòótọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ń wú, ó ń sọ̀. Awọ rẹ̀ ti gbẹ. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Halimah gbọ́ ọ, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ohùn lójú àlá: "Òùngbẹ ń gbẹ mí, Ìyá Hassanat. Mo ké fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rán mi lẹ́nu."

Ó jí, ó rọ́ ọ fún ọkọ rẹ̀. Nasir rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lo kọ́ mi pé kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́!"

Ẹ má ṣì mí gbọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi àlá tún mọ́tò ṣe. Etí Halimah ló ti gbọ́ ohun tí mọ́tò ń sọ. Orí rẹ̀ ló kàn fi aṣọ ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀ ọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò aboyún. Ilé epo kún, Nasir bá ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, irú èyí tí wọ́n ń sè nínú igbó, tí gbogbo wa mọ̀ sí kpofire. Kò pẹ́ tí òkúta fi kún inú agolo. Mọ́tò ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n, ó rẹ̀ ẹ́, ó tú èéfín funfun láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró. Èéfín náà bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí Port Harcourt mọ́. Funfun nìkan ló wà.

Nasir fò bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí ìdérí omi.

"Ẹ má ṣí i! Á bó yín lójú! Ẹ jẹ́ kó tutù ná!"

Yorùbá ni, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nbélé. Láti inú funfun náà ni obìnrin kan ti jáde, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó fi ìborí kékeré wérí. Belema lorúkọ rẹ̀. Rẹwáyà ni, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, abà rẹ̀ ló sì wà níbi tí mọ́tò kú sí. Ó gbé àga fún Halimah, ó bu omi tútù fún un.

"Àǹtí, ẹ ṣeun," Halimah ní. "Ọmọ agbo ilé wo ni yín l'Ógbómọ̀ṣọ́?"

Belema rẹ́rìn-ín. "Agbo ilé wo? Kalabari ni mí o, ọmọ Buguma. Mo lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ yín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ọ̀gá mi ń fi sípánà gbá mi lórí." Ó kọjú sí Nasir. "Bàbá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ má tíì sítáàtì. Iná wo lẹ rí?"

"Ti bátìrì. Ti ọ́ìlì."

"Èyí tó rí bí ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ. Wọ́n ti tún un ṣe."

"Wọn ò tún un ṣe. Wọ́n pa á ni. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tàn rárá, á jẹ́ pé wọ́n ti di ẹnu ẹlẹ́rìí. Ta ló ṣe èyí?"

Nasir sọ gbogbo rẹ̀. Belema yọ ẹ̀rọ jàárá abẹ́ sítíárìn, ó fi ìdí súkúrúdíráfà fọ́ ike rẹ̀. Gílóòbù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà méjì péré.

"Agbára yín rèé. Tanátaná inú ike."

Nasir gba ike náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ariwo yẹn ńkọ́, ti òkúta inú agolo?" Halimah bèèrè.

"Iná ló ń bẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Bí ẹni bá tún ọpọlọ mọ́tò kọ, ohun tó ń yí padà ni iye epo àti àsìkò iná. Tí ẹ bá ní kí iná yá ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ tún wá fún un ní kpofire mu, ẹ́ńjìnnì á máa na ara rẹ̀ ní kùmọ̀ títí á fi lu. Wáyà tó sì ń sọ fún ọpọlọ pé omi ti gbóná, ẹ wò ó, ó ti já. Torí ẹ̀ ni iná yín fi tàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi ti ń gbẹ, fáànù ò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́."

Halimah wo ọkọ rẹ̀. "Òùngbẹ," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún yín."

"Ṣùgbọ́n ó sáré, Àǹtí," Nasir ní. "Mo wà á, ó fò!"

"Ẹsẹ̀ yín ló tàn yín jẹ. Bọ̀bọ́ yẹn ṣe é débi pé bí ẹ bá tẹ ẹ́ díẹ̀, mọ́tò á rò pé ẹ tẹ ẹ́ púpọ̀. Agbára tó wà nísàlẹ̀ kò kúrò lójú kan. Mi ò sọ pé títún ọpọlọ kọ burú o! Mọ́tò tó bá ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, tí ara rẹ̀ dá, tó ń mu epo gidi, tí ẹni tó mọṣẹ́ bá ṣe é, tó wọ̀n ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, èrè wà níbẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ tí kò ní tọ́bò bíi tiyín? Ẹ fi ṣíbí bu omi kún odò ni." Ó na ọwọ́. "Ẹ bá mi pe ọmọ ilé yín."

Afeez gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n Àkànní! Ọmọ..."

"Ẹ fi oríkì sílẹ̀ ná," Belema ní. "Ohun tó wà nínú ọpọlọ mọ́tò yìí tẹ́lẹ̀, ibo lẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí?"

"Kí lẹ ń jẹ́, mà?"

"Belema."

"Belema?" Ohùn Afeez le. "Ẹ̀yin kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ wa! Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá?"

"Mọ́tò náà kì í ṣe ọmọ yín, ọmọ Japan ni. Mo ní ẹ̀dà dà?"

"Kò... a kì í tọ́jú ẹ̀dà. Tuntun ti dára ju àtijọ́ lọ."

"Ẹ wó ilé onílé láìmọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ wá ń pe ara yín ní kọ́lékọ́lé. Ẹ ṣeun, àbúrò. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, abà mi ò jìnnà."

Ó pa fóònù náà. Ó wá bi Nasir léèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ báyìí: "Kí lẹ ń sáré lé gan-an?"

Nasir sọ ti Hassanat fún un. Ó fi Pidgin bẹ̀rẹ̀, ó fi Yorùbá parí rẹ̀ síbi ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Aago mélòó ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Belema bi Halimah.

Halimah wolẹ̀. "Aago mẹ́fà àárọ̀."

"Ẹ kúrò nílé láago mélòó?"

"Aago kan ọ̀sán."

Nasir yíjú sí i. "Aago mẹ́fà? O sọ fún mi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni!"

"Ẹ ń gbé fèrèsé sílé ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Mo di eyín mọ́ ọn."

Èéfín funfun ti tú ká. Omi ń kán láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó, tó, tó.

"Ẹ rí i," Belema ní. "Mọ́tò ò lọ́ra lọ́jọ́ náà. Ara yín ló tan iná fún wákàtí méje, ẹ̀yin fúnra yín lẹ pa á."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Belema fi tún mọ́tò náà ṣe. Ó fa kpofire jáde, ó so wáyà omi, ó wo inú ẹ́ńjìnnì. Kò tíì lu, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ó fi nọ́ńbà ara ọpọlọ mọ́tò náà wá ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí Nasir yí kọ́kọ́rọ́, iná oníyeyè tàn. Ó sítáàtì, iná kú. Inú rẹ̀ dùn sí iná kékeré yẹn bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti sọnù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, òjò ń rọ̀. Halimah ń ṣa ìrẹsì. Inú rẹ̀ fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé àwo sílẹ̀, ó sì kígbe mọ́ ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó wà ní ilé kejì: "Bàbá Hassanat! Iná ti tàn o!"

Nasir fi gíláàsì sílẹ̀ lára ògiri. Wọ́n fi Hassanat ti aládùúgbò, wọ́n wọ mọ́tò.

Kò sáré. Títì ti di odò, ó sì ń rọra wọ́ ọ kọjá bí ọkọ̀ ojú omi. Ooru bo gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù ń yọ́ lára rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé. Nínú gọ́tà, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ọgọ́rùn-ún wọn, ẹ̀gbẹ̀rún wọn, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, omi tó wọn mu. Halimah dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ wọn. Ó dà bíi pé wọ́n ń ti mọ́tò náà lọ. Wọ́n dé ọsibítù, ó ṣì ku wákàtí mẹ́rin gbáko kí ọmọ tó dé.

Nasir dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń retí ìdákẹ́jẹ́. Kàkà kí ó gbọ́ ọ, igbe ọmọ ló gba ilẹ̀kùn náà já, ó fò gba inú gbọ̀ngàn, kò sì dáwọ́ dúró. Nasir jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ó fi ọwọ́ bojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ kan ọpọlọ mọ́tò yín, kí ó kọ́kọ́ ka àìsàn tó wà lára mọ́tò náà fún yín, kí ẹ wò ó sàn ná. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà ti àtijọ́, kí ó sì fi ọ̀kan lé yín lọ́wọ́. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ bi í bóyá ẹ́ńjìnnì yín tiẹ̀ jẹ́ irú èyí tó lè jèrè níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tó ń ṣẹ́jú, ẹ fi fún ọmọdé kó fi ṣeré. Kpofire, ẹ jìnnà sí i, yálà ẹ tún ọpọlọ kọ tàbí ẹ ò tún un kọ. Láràárọ̀ tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ wo iná ẹ́ńjìnnì: kó tàn, kó sì kú. Tí kò bá kú, ẹ lọ bi í ohun tó ń dùn ún. Tí kò bá tàn, ẹ lọ bi í ta ló rán an lẹ́nu. Ẹ̀yin aboyún, ìrora tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Kò sí fèrèsé tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Nasir ti mọ ọpọlọ pè báyìí, ó ń pè é lójú kan, láìgòkè, láìsọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń kì í lójú títì, á rẹ́rìn-ín, á dáhùn, á sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè rẹ ló gbọ́ èdè mọ́tò rẹ.